Ewé Àrán Tó Wà Lójú Fèrèsé Bàbá Ẹ

Ọmọ mi ọ̀wọ́n, Sísí Ọ́fíìsì,

Ṣé dáadáa lo jí? Ṣé ara le, ṣé iṣẹ́ ń lọ, ṣé ọ̀gá ẹ ti dín ariwo kù? Tí o bá ń béèrè wa, a wà, ohun tó ju agbára wa lọ kò tíì wọlé wá. Orí tó gbé ẹ dé ìlú ńlá kò ní sùn, ẹsẹ̀ tí o fi ń gun àtẹ̀gùn ọ́fíìsì yín lójoojúmọ́ kò ní yẹ̀. Mo gbọ́ pé ilé yẹn ga débi pé àpótí irin kan wà níbẹ̀ tó ń gbé èèyàn gòkè. Má dá nìkan wọ̀ ọ́ o, torí tí àpótí bá gbàgbé pé èèyàn wà nínú òun, ta ni yóò rán an létí.

Mo mọ̀ pé wàá ní kí ló dé tí màmá ń kọ̀wé nígbà tí fóònù wà. Mo ti gbìyànjú fóònù. Ohùn ẹ tí o gbà sínú ẹ̀ tí o fi ránṣẹ́ sí mi, mo gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n kò dùn mọ́ mi nínú, torí bí o ṣe ní ẹ káàárọ̀ mà ni mo dáhùn, mo ní ṣé ara ẹ yá, o ò dúró gbọ́ èsì, o ti bọ́ sórí ọ̀rọ̀ míì. Mo ní kí o rọra, o ò rọra. Mo tún un tẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì pé bóyá wàá ti ronú, ohun kan náà lo tún ṣe. Èmi kọ́ ni mo kọ́ ẹ bẹ́ẹ̀. Nínú ìwé, kò sẹ́ni tó lè já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ mi lẹ́nu, bàbá ẹ pàápàá ò sì lè gbọ́ ohun tí mò ń sọ nípa wọn, torí pé ìta ni wọ́n wà bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí. O kà á dáadáa, mo ní ìta ni wọ́n wà. Jókòó kí n ròyìn fún ẹ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Igi ẹ dé láyọ̀. Àwọn tó ń bá èèyàn gbé ẹrù, tí ṣọ́ọ̀bù wọn wà níkòríta, ló pè mí pé mo ní páálí lọ́dọ̀ wọn. Mo débẹ̀, wọ́n gbé fọ́ọ̀mù kan fún mi. Mo kọ orúkọ, mo kọ ojúlé, mo wá dé ibi tí wọ́n ti ń béèrè pé kí ni mo jẹ́ sí ẹrù náà tàbí sí ẹni tó ni ín, mo kọ ìyá àgbà. Akọ̀wé wọn ní ìyá àgbà ta ni, mo ní ti inú páálí yẹn, ọmọ mi ló ni ín, ẹnu ara ẹ̀ ló fi pè é ní ọmọ òun lórí fóònù. Ó wo páálí, ó wo èmi, ó sì lu òǹtẹ̀. Ó jọ pé ó rí ìjọra.

Nígbà tí mo tú u, mo kọ́kọ́ rò pé wọ́n ti gba ohun tí o fi ránṣẹ́, wọ́n wá fi koríko dípò ẹ̀. Ìkòkò rọ́bà dúdú kékeré, okùn bí i mélòó kan tó ń fà sílẹ̀ láti inú ẹ̀ bí òwú tó tú kúrò lára kẹ̀kẹ́, ewé lára okùn náà. Mo wá fọwọ́ kan ewé. Ọmọ mi, àrán ni. Èmi tí mo ti ń ránṣọ kí wọ́n tó bí ẹ, kò sí bí wọ́n ṣe fẹ́ tàn mí jẹ lórí àrán. Mo fọwọ́ pa á síhìn-ín, ó dán, mo pa á sọ́hùn-ún, ó ṣókùnkùn, bí àrán gidi ṣe máa ń ṣe. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé èyí kò ní etí aṣọ.

O ní wọ́n ti kọ́ ilé tuntun dí fèrèsé ẹ, pé kí n bá ẹ tọ́jú ẹ̀ títí wàá fi rí yàrá míì. O ní kò wọ́pọ̀, pé àwọn tó ní in ní gbogbo ìlú ńlá yín kò ju ìwọ̀nba lọ, pé abẹ́ igi ńlá ló ń gbé nínú igbó tó ti wá, oòrùn ò gbọ́dọ̀ kàn án, ewúrẹ́ ò gbọ́dọ̀ rí i, inú ilé ni kí n gbé e sí. Mo sọ fún bàbá ẹ. Wọ́n ní gbogbo ọdún tí àwọn fi wakọ̀, igbó ló wà lọ́tùn-ún, igbó ló wà lósì, kò sì sí ọjọ́ tí igbó kankan dá àwọn dúró pé òun ń wá yàrá.

Ọ̀rọ̀ bàbá ẹ yìí ni mo fẹ́ sọ gan-an. Tí o bá pè, tí o béèrè wọn, mo máa ń ní wọ́n ń sinmi. Ìsinmi máa ń parí. Láti ọjọ́ tí ilé iṣẹ́ sìmẹ́ńtì ti gba kọ́kọ́rọ́ tírélà lọ́wọ́ wọn pé ọjọ́ orí ti tó, tí wọ́n sì gbé e fún ẹlòmíì lójú wọn, inú yàrá ẹ̀yìn ni wọ́n wọ̀, wọ́n fa kọ́tìnì, wọ́n jókòó sórí àga. Wọn ò fẹ́ jáde kí ẹnikẹ́ni má baà bi wọ́n pé ìgbà wo ni wọ́n ń padà sọ́nà. Irùngbọ̀n bo ẹnu. Oúnjẹ tí mo bá gbé síwájú, ìdajì ni wọ́n ń jẹ. Ẹsẹ̀ ọ̀tún bẹ̀rẹ̀ sí í wú, wọ́n ní kò dun àwọn. Tí mo bá pè wọ́n síta, wọ́n á ní àwọn ń bọ̀, mi ò ní rí wọn. Mo fi pa mọ́ fún ẹ torí mo mọ̀ pé wàá sáré fi iṣẹ́ sílẹ̀, mo sì ń rò pé ó máa tán.

Bí mo ṣe gbé ìkòkò ẹ kiri ilé nìyẹn. O ní ìmọ́lẹ̀ tó pọ̀ ṣùgbọ́n kì í ṣe oòrùn. Yàrá iwájú tí maṣíìnì mi wà, oòrùn ń wọbẹ̀ bí ẹni tó ń sanwó ilé. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ṣókùnkùn. Èéfín ń bẹ nílé ìdáná. Ojú fèrèsé yàrá ẹ̀yìn tó kọjú sí ògiri funfun aládùúgbò wa nìkan ló bá ohun tí o sọ mu, ibẹ̀ sì ni kọ́tìnì bàbá ẹ wà. Mo wọlé, mo ṣàlàyé. Wọ́n ní rárá. Mo ní ọmọ yín ló bẹ̀ wá. Wọ́n dákẹ́. Ẹni tó bá sì dákẹ́, tara ẹ̀ á bá a dákẹ́, mo fa kọ́tìnì. Eruku sọ. Wọ́n fọwọ́ bo ojú bí ìgbà tí ọkọ̀ tó ń bọ̀ bá tan iná ńlá síni. Wọ́n ráhùn títí ilẹ̀ fi ṣú, ṣùgbọ́n wọn ò fà á padà, torí kí wọ́n tó lè fà á wọ́n ní láti dìde.

Mo tọ́jú àlejò náà tọkàntọkàn. O ní n má ṣe bomi fún un àfi tí iyẹ̀pẹ̀ bá gbẹ, ṣùgbọ́n ọmọ mi, ta ló ń mumi lójú àlejò láì fún un. Gbogbo ìgbà tí mo bá mu ni mo ń bu tiẹ̀. O tún ní ó fẹ́ràn afẹ́fẹ́ tí omi wà nínú ẹ̀ bíi tinú igbó, mo bá gbé ìkòkò omi gbígbóná tó ń hó wọ yàrá, mo ti ilẹ̀kùn, mo ti fèrèsé, gbogbo yàrá funfun. Bàbá ẹ pè mí láti inú kùrukùru yẹn, wọ́n ní kí n sọ òótọ́ fún àwọn, ṣé àwọn ni mo fẹ́ sè.

Láìpẹ́ ewé kan pọ́n, ó já. Òmíràn tẹ̀ lé e. Àyà mi já, torí mo rántí iye tí o sọ pé o rà á, tí n kò tíì sọ fún bàbá ẹ, tí n kò sì ní sọ. Ìgbà tí mo pè ẹ́ nìyẹn tí o ní dókítà kan wà nínú fóònù, tí èèyàn bá ti ya fọ́tò ewé á sọ àìsàn tó ń ṣe é. Tíṣà tó háyà yàrá ẹnu ọ̀nà wa ló bá mi tẹ̀ ẹ́ wọlé. Mo lọ pààrọ̀ aṣọ kí n tó lọ rí i, Tíṣà ní kò pọn dandan, mo ní dókítà ni dókítà. A ya ewé. Kò béèrè káàdì, kò ní ká lọ tò sẹ́yìn ẹnì kankan, lójú ẹsẹ̀ ló ti kọ̀wé. Òyìnbó ló fi kọ ọ́, Tíṣà sì túmọ̀ ẹ̀, ó ní omi ti pọ̀ jù, gbòǹgbò ti ń jẹrà, ẹ fi í sílẹ̀ kó gbẹ. Ó dùn mí, ṣùgbọ́n mo gbọ́ràn. Kò sì pẹ́ tí pípọ́n yẹn dúró.

Bàbá ẹ ń gbọ́ gbogbo ẹ̀ látorí àga. Lọ́jọ́ kejì tí Tíṣà ti lọ síbi iṣẹ́, wọ́n pè mí. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti fúnra wọn pè mí, mo sáré wọlé, mo rò pé nǹkan ti bọ́ ni. Wọ́n ní dókítà yẹn, ṣé ewé nìkan ló ń wò. Mo ní n ò mọ̀, kò sọ. Wọ́n na ẹsẹ̀ ọ̀tún síwájú, wọ́n ní kí n ya èyí fún un, ṣùgbọ́n kí n má sọ ẹni tó ni ín. Mo wo ẹsẹ̀ yẹn nínú ìmọ́lẹ̀ fèrèsé, n ò tíì rí i bẹ́ẹ̀ rí. Ó wú, ó gbẹ, ó là bí èèpo igi. Mo yà á. Ohun kékeré kan bẹ̀rẹ̀ sí í yí po yí po lójú fóònù, bàbá ẹ ò mí títí ó fi dúró. Ló bá kọ̀wé.

A ò lè kà á, a dúró de Tíṣà títí di ìrọ̀lẹ́. Bí ó ṣe dé tó gba fóònù, ó kà á, ó kọjú sí ògiri, èjìká ẹ̀ ń mì, ikọ́ dé. Ikọ́ náà pọ̀, mo lọ bu omi fún un. Nígbà tó rọlẹ̀, ó ní fọ́tò kí ni a yà. Mo ní ti ẹnì kan. Ó gbójú sókè wo bàbá ẹ, ó wo ẹsẹ̀, ó wo bí wọ́n ṣe ń wò ó. Ẹ̀rín tó kù lójú ẹ̀ lọ. Ó fa àpótí kan súnmọ́ wọn, ó jókòó, ó sì túmọ̀ ẹ̀ fún wọn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ó ní dókítà ní gbòǹgbò lòun rí yìí, ó sì ti gbẹ. Ó ní ó ti pẹ́ jù nínú ìkòkò kan náà, ẹ wá ibi tó fẹ̀ fún un. Ẹ máa fún un lómi níwọ̀nba. Ẹ máa gbé e síta fún ìmọ́lẹ̀ àárọ̀. Ẹ gé gbogbo èyí tó ti gbẹ lára ẹ̀ kúrò. Irú èyí kì í dá dúró, ẹ wá nǹkan kan fún un tí yóò máa dì mú.

Bàbá ẹ tẹjú mọ́ ẹsẹ̀ náà. Wọ́n wá ní dókítà yìí mọ iṣẹ́ ẹ̀. Wọ́n ní àwọn dókítà ilé iṣẹ́ máa ń béèrè ohun tí àwọn jẹ, wọ́n á béèrè bí àwọn ṣe sùn, wọ́n á kọ ìwé jọ, kò sí ọ̀kan nínú wọn tó rí i pé ó ti pẹ́ jù tí àwọn ti wà nínú ìkòkò kan náà. Tíṣà ní bó ti wù kó rí bàbá, ẹ jẹ́ kí nọ́ọ̀sì ilé ìwòsàn náà bá wa wo ẹsẹ̀ yẹn. Ó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, ó tún un sọ, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ bẹ̀ wọ́n. Wọ́n ní kò burú, ojú méjì sàn ju ẹyọ kan lọ.

Ọmọ mi, ilẹ̀ mọ́, bàbá ẹ ní kí n pe onígbàjámọ̀, torí dókítà ní kí wọ́n gé èyí tó ti gbẹ. Irùngbọ̀n lọ, ojú wọn tí mo mọ̀ jáde. Wọ́n ní kí Tíṣà bá àwọn gbé àga lọ sí iwájú ilé, pé ìkòkò tó fẹ̀ nìyẹn. Wọ́n gbé ife omi sí ẹ̀gbẹ́ àga. Ó wá ku ohun tí wọ́n máa dì mú. Mo ní ṣé kí n wá ọ̀pá. Wọ́n wo yàrá yíká, wọ́n wo èmi, wọ́n ní ìwọ ńkọ́. Wọ́n gbé ọwọ́ lé mi léjìká, a sì rọra jáde, ìgbésẹ̀ kan, a sinmi, òmíràn. Ọwọ́ yẹn wúwo. Mo ní ṣé ẹ ò fẹ́ fọ́ mi léjìká báyìí, wọ́n ní dókítà ló sọ bẹ́ẹ̀, kì í ṣe àwọn. Tíṣà dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wá kọ́kọ́rọ́ tó wà lọ́wọ́ ẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ yẹn náà la lọ sílé ìwòsàn. Nọ́ọ̀sì wọn ẹ̀jẹ̀ wọn, ó tún un wọ̀n, ojú ẹ̀ yí padà. Ó ní ẹ̀jẹ̀ wọn ru gidi, pé ìjókòó yẹn ti jẹ́ kí omi dá sí ẹsẹ̀, pé tí a bá fi í sílẹ̀ pẹ́ díẹ̀ sí i, ohun tí òun máa sọ fún wa á yàtọ̀. Ó fún wọn lóògùn, ó ní kí wọ́n máa rìn láràárọ̀, kí wọ́n máa padà wá. Ó wá ní kí ló mú yín wá lónìí nígbà tí ẹ ò wá láti ọjọ́ yìí, bàbá ẹ ní dókítà àwọn ló ní kí àwọn jáde. Ó ní dókítà wo, wọ́n ní èyí tó ń wo gbòǹgbò. Nọ́ọ̀sì gbé bírò dúró, ó wò mí, mo mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Ó fi ibẹ̀ sílẹ̀ nínú ìwé láì kọ nǹkan kan. Èmi lọ sẹ́yìn ilé ìwòsàn níbi ẹ̀rọ omi, mo sunkún díẹ̀, mo bọ́jú, mo padà. Má sọ ọ́ fún wọn.

Tíṣà ti pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan láti ìgbà náà, ó ní òun fẹ́ jẹ́wọ́ nǹkan kan fún mi, pé dókítà inú fóònù yẹn ò mọ̀ pé èèyàn ni bàbá, gbogbo ohun tí wọ́n bá gbé síwájú ẹ̀, igi ló ń pè é. Mo rò ó. Mo ní nọ́ọ̀sì mọ̀ pé èèyàn ni, ó sì ní kí wọ́n máa jáde láràárọ̀. Ibo wá ni dókítà ti ṣìnà.

Báyìí, bàbá ẹ àti igi ẹ ti di ọ̀rẹ́, torí wọ́n ní dókítà kan náà ló ń wo àwọn. Wọ́n ń kí i láàárọ̀ kí wọ́n tó kí mi. Àwọn ló ń ti ìka bọ iyẹ̀pẹ̀ ẹ̀ wò bóyá ó gbẹ, tí mo bá gbé omi súnmọ́ ọn wọ́n á ní kí n gbé e padà. Àwo pẹrẹsẹ tí wọ́n da òkúta wẹ́wẹ́ àti omi sí ni wọ́n gbé sábẹ́ ẹ̀ fún ọ̀rọ̀ afẹ́fẹ́ olómi yẹn, wọ́n ní kí n má gbé omi híhó wọ yàrá àwọn mọ́. Wọ́n fi okùn tí wọ́n fi ń di ẹrù mọ́ tírélà gbé e kọ́ sókè lójú fèrèsé. Ewé tuntun yọ, ó ká jọ bí aṣọ tí wọn ò tíì tú, àwọ̀ ẹ̀ bíi bàbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀. Gbogbo ẹni tó ń kọjá ni wọ́n ń pè wọlé wá wò ó. Àwọn tí wọ́n ń sá fún pé wọn á béèrè tírélà, ewé ni wọ́n ń béèrè báyìí, bàbá ẹ á sì dá wọn lóhùn tẹ̀rín tẹ̀rín. Mo fi téèpù wọn èyí tó gùn jù nínú ẹ̀, ó ti ju bùbá àti ìró mi lápapọ̀ lọ, ó ti ń wá ilẹ̀.

Ìgbà náà lo wá ránṣẹ́ pé o ti rí yàrá tó ní fèrèsé gidi, pé awakọ̀ kan á wá gbé e. Mo sọ fún bàbá ẹ. Wọ́n ní awakọ̀ wo. Mo ní àwọn tó ń gbé páálí. Wọ́n ní báwo ló ṣe ń tẹ bíréèkì. Mo ní ibo ni mo ti fẹ́ mọ ìyẹn. Wọ́n ní àwọn mọ awakọ̀, awakọ̀ ni àwọn, àwọn ò ní fi nǹkan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbádùn lé ẹni tó ń já kòtò lọ́wọ́. Wọ́n ní àwọn fúnra àwọn á gbé e wá, àwọn á jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé ọkọ̀, àwọn á gbé e lé itan. Ọmọ mi, bàbá ẹ yìí, láti ọjọ́ tí kọ́kọ́rọ́ ti kúrò lọ́wọ́ wọn, wọn ò gbà kí ẹnikẹ́ni wakọ̀ gbé wọn. Ilé ìwòsàn gan-an, ẹsẹ̀ la fi rìn dé ibẹ̀, à ń sinmi lójú ọ̀nà. Mo pa ẹnu mọ́ kí ọ̀rọ̀ náà má baà sá. Nọ́ọ̀sì sì ti ní wọ́n lè rìnrìn àjò, kí wọ́n ṣáà máa na ẹsẹ̀ lójú ọ̀nà.

Nítorí náà, sọ fún awakọ̀ yẹn pé kó má wá. Fi owó ọkọ̀ ránṣẹ́, ti èèyàn mẹ́ta. Èmi kan, bàbá ẹ kan, igi kan, torí mo mọ̀ pé kí a tó rìn jìnnà itan wọn á ro wọ́n. Fi owó oògùn wọn náà sí i, àti ti òwú dúdú fún mi. Bánkì ni kí o fi ránṣẹ́ sí, ó ti mọ̀ mí báyìí. Ó kọ̀wé sórí fóònù mi lọ́jọ́ ìbí mi láti kí mi, mo sì dá a lóhùn pé ó ṣé o, mo béèrè ìyàwó àti àwọn ọmọ, ṣùgbọ́n kò tíì fèsì. Tí o bá rí wọn níbẹ̀, bá mi béèrè bóyá kò sí nǹkan.

Lánàá, bàbá ẹ bi mí bí yàrá tuntun ẹ ṣe rí. Mo ní n ò mọ̀, a ò tíì dé ọ̀dọ̀ ẹ rí láti ìgbà tí o ti ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Wọ́n ní àwọn ti gba ìlú yẹn kọjá lọ́pọ̀ ìgbà tí o ti wà níbẹ̀, lóru àti lọ́sàn-án, ẹrù sìmẹ́ńtì tó wà lẹ́yìn àwọn ò jẹ́ kí àwọn lè yà. Wọ́n ní lọ́tẹ̀ yìí, ọ̀dọ̀ ẹ ni àwọn ń gbé ẹrù lọ.

Kí a bá ẹ láyọ̀. Ilé tí o ṣẹ̀ṣẹ̀ kó sí á gbà ẹ́, á tún gba ẹni tí yóò bá ẹ gbé e. Ohun tí o bá gbìn á hù, ohun tí o bá fi ránṣẹ́ sílé á máa padà wá bá ẹ pẹ̀lú ewé lórí. Ọlọ́run á ṣọ́ ẹ títí ojú á fi kan ojú.

Èmi ni,
Ìyá ẹ, aránṣọ.